Ọ̀kẹ́rẹ́ Inú Àpò Àyà Mi

Mo jẹ́ ẹni tó máa ń ní kí ọlọ́kadà tẹ bíréèkì kí n rí i kí n tó gun ọ̀kadà rẹ̀. Tó bá tẹ ti iwájú, màá ní kó tẹ ti ẹ̀yìn náà. Àwọn ọlọ́kadà Òkè-Ṣopẹ́n, níbi tí mo ń gbé, ti mọ̀ mí. Àwọn mìíràn á ti máa tẹ bíréèkì láti òkèèrè tí wọ́n bá ti rí mi, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. N kì í bínú sí wọn. Ohun tí ojú mi rí lórí omi, ojú tiwọn ò rí i.

Mo máa ń sọ ọ́ ní kúkúrú, nítorí n kò fẹ́ràn kí n máa sọ ọ́. Ìyá mi ń gbé ní ìletò kan ní apá Ogun Waterside, níbi tó jẹ́ pé téèyàn bá dé Màkún-Omi, ó di dandan kó wọ ọkọ̀ ojú omi kó tó débẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ̀, ọkọ̀ wa dojú dé. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan ni mo dì mọ́ títí àwọn apẹja fi wá kó wa. Iye tí a jẹ́ nígbà tí a wọkọ̀ kọ́ ni iye tí a jẹ́ nígbà tí a gúnlẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, fún ọdún mẹ́rin, n kò fẹsẹ̀ kan ọkọ̀ ojú omi mọ́. Orúnkún ìyá mi kò sì jẹ́ kó lè sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kó wá bá mi. Orí fóònù nìkan la ti ń bára wa sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ohùn rẹ ṣì wà létí mi o. Ojú rẹ ni mi ò rántí dáadáa mọ́." Lẹ́yìn ìyẹn ló wá bi mí bóyá òjò ti rọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Iṣẹ́ ìwé dídì ni mo ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí géètì yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ iṣẹ́ àṣekágbá wọn tán á gbé e wá, màá lu ihò sí i, màá fi òwú rán an, màá fi gọ́ọ̀mù lẹ èèpo líle mọ́ ọn, màá sì fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà tẹ orúkọ wọn sí i lára. Iṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Kò sí omi níbẹ̀.

Àbúrò ìyàwó mi ló fa ọ̀rọ̀ ọ̀kẹ́rẹ́ yìí. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú ní Jàpárá. Lọ́jọ́ kan, wọ́n fẹ́ gbé gẹdú kan sábẹ́ ayùn, ni wọ́n gbọ́ tí nǹkan kan ń ké nínú ihò tó wà lára rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì fa ọmọ ẹranko kan jáde. Inú fìlà rẹ̀ ló gbé e sí wá sílé wa.

"Àdán ni," ni ìyàwó mi wí.

"Àdán wo ló nírun lára ìrù báyìí?" ni àbúrò rẹ̀ dáhùn. "Ọ̀kẹ́rẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Irú èyí tó ń fò ni."

Lóòótọ́, ọ̀kẹ́rẹ́ ni. Àmọ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà láàrin apá rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, tó ká pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ létí. Lábẹ́ ìdí ìrù rẹ̀, àwọn ìpẹ́ líle wà tó ń họ èèyàn lára. Ojú rẹ̀ tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo gé igi náà lulẹ̀.

Mo fi síríńjì tuntun tí kò ní abẹ́rẹ́ fún un ní wàrà ewúrẹ́ tí mo fi omi là, ẹ̀kán kan tẹ̀ lé ẹ̀kán kan. N kò jẹ́ kó yára mu ún, kó má baà gba imú rẹ̀ lọ. Nígbà tó hu eyín, mo bẹ̀rẹ̀ sí fún un ní ẹyìn, ìbẹ́pẹ àti èèpo igi tútù. Ìyàwó mi kò fún un lórúkọ. Orogún òun ló ń pè é. Tó bá ti gbọ́ tí mo ń bá a sọ̀rọ̀, á ké láti ilé ìdáná, "Ṣé ìyàwó kékeré ti jẹun? Àbí kí èmi tí mo dàgbà ṣì dúró?"

Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ọ̀kẹ́rẹ́ náà wúlò fún mi. Ìyá mi á pè, á bèèrè ìgbà tí màá wá, màá sì ní, "Ó wù mí kí n wá, ìyá mi. Ọ̀kẹ́rẹ́ kékeré yìí ni kò sẹ́ni tí mo lè fi sílẹ̀ fún."

Lọ́jọ́ kan tí mo sọ bẹ́ẹ̀ tán, ìyàwó mi wà níbẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà. Kò gbójú sókè.

"Ẹ gbé e dání, Dádì."

"Kò mọ òde jáde."

"Ẹ kọ́ ọ."

"Ó máa pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n."

"Ọdún mẹ́rin lẹ ti lò," ni ó wí. "Ẹ fi oṣù díẹ̀ sí i."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí gbé ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń fò kiri nìyẹn.

Òwú tí mo fi ń rán ìwé ni mo kọ́kọ́ lò. Mo so ó mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn, mo sì gbé e jáde sí àgbàlá. Ó gun òpó tí a ń so okùn aṣọ mọ́, ó dé òkè, ó bẹ́. Awọ rẹ̀ ṣí bí agbòòrùn. Kí n tó lè yìn ín, òwú ti tán, ó sì yí dà sílẹ̀, ó rọ̀ dirodiro, orí nísàlẹ̀. Òwú náà ti ya etí awọ rẹ̀. Èmi ni mo pariwo, òun kò pariwo. Àwọn ará ilé kejì sáré wá. Ìyàwó mi bèèrè ẹni tó kú. Mo fi òrí pa ojú egbò náà fún ọjọ́ mélòó kan títí ó fi jiná. Láti ìgbà náà, n kò so nǹkan kan mọ́ ọn lára mọ́. Ẹranko tó bá ń fò, okùn ló máa pa á.

Ẹ̀ẹ̀kejì, mo fi páálí líle tí mo fi ń ṣe èèpo ìwé kan àpótí fún un. Mo fi aṣọ aláwọ̀ búlúù bò ó, mo lu ihò sí i lára, mo tẹ ìlà wúrà sí i létí. N kò tíì ṣe ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìyàwó mi yí i wò lọ́tùn-ún lósì.

"Orúkọ olùkọ́ tó bójú tó iṣẹ́ náà dà?" ni ó bèèrè.

Mo gbé e wọ ọkọ̀ lọ sí Àgọ́-Ìwòyè. Oòrùn mú, èrò pọ̀, gọ́ọ̀mù inú àpótí náà sì ń rùn. Nígbà tí mo ṣí i ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kẹ́rẹ́ náà ti la ẹnu, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo fi aṣọ tútù nù ún, mo kán omi sí i lẹ́nu, mo sì jókòó tì í títí mímí rẹ̀ fi rọlẹ̀. Àpótí ẹlẹ́wà náà ni mo ń kó abẹ́rẹ́ sí báyìí.

Àpò ló wá bá a mu. Mo ní sùtánà àtijọ́ kan tí mo ti ń wọ̀ lọ sí ìjọ láti ìgbà tí mo ti wà ní àpọ́n, tí mo ti fọ̀ títí tó fi rọ̀ bí òwú. Mo gé apá rẹ̀ kan, mo rán an ní ìlọ́po méjì, mo dojú okùn rírán síta kí èékánná rẹ̀ má baà há sí i, mo sì fi okùn sí i kí n lè gbé e kọ́ ọrùn. Abẹ́ ẹ̀wù mi ló ń wà, lórí àyà, níbi tó ti lè gbóòórùn mi kó sì gbọ́ bí ọkàn mi ṣe ń lù. Ọ̀sán ni àwọn ẹranko wọ̀nyí ń sùn, nítorí náà tó bá ti jẹun yó láàárọ̀, á ká bí bọ́ọ̀lù, á sùn lọ. N kì í ṣí àpò náà ní ìta gbangba bó ti wù kí wọ́n bẹ̀ mí tó. Inú yàrá tí ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ ti wà ní títì, tí fáànù kò sì yí, ni mo ti ń ṣí i. Mo ń yẹra fún ajá. Mo ń ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀wù wò bóyá ara rẹ̀ gbóná jù. Tí n bá wà lórí ọ̀kadà, ọwọ́ kan á di irin ẹ̀yìn mú, ọwọ́ kejì á gbá ìdí àpò náà mú níbi tó ti sọ̀ sí ikùn.

Ọlọ́kadà kan wẹ̀yìn, ó rí bí ikùn mi ṣe yọ. "Bàbá, ẹ lóyún ni?"

"Oṣù kẹta," ni mo wí. "Rọra sáré."

Kì í ṣe pé n kò tún ṣe àṣìṣe mọ́. Lọ́jọ́ kan, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo pa fáànù, mo gbé e jáde kó jẹ ìbẹ́pẹ. N kò fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ọmọbìnrin kan tó fẹ́ gba iṣẹ́ rẹ̀ ti ilẹ̀kùn wọlé wàà. Ọ̀kẹ́rẹ́ bẹ́ láti orí pẹpẹ, ó fò kọjá lórí ọmọ náà, ó balẹ̀ sórí àwọn ìwé tí n kò tíì rán. Ẹ̀rù bà á, ó tọ̀.

"Yéè! Kí lèyí, Dádì? Ó ti tọ̀ sí ibi tí sà buwọ́ lù!"

"Má pariwo, jọ̀ọ́. Ó ń bẹ̀rù ariwo."

"Òun ló ń bẹ̀rù? Ṣé ẹ mọ bí mo ṣe wá sà tó kí wọ́n tó buwọ́ lù ú?"

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní èmi fúnra mi ni màá gbé ojú ìwé tuntun lọ bá olùkọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ tòun ti àpò lọ́rùn. Ọ̀gá náà wo ojú ìwé tí ìtọ̀ kàn, ó bèèrè ẹni tó ṣe é báyìí. Mo tọ́ka sí àyà mi. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní kí n jẹ́ kí òun rí i. Mo tú ẹnu àpò díẹ̀, imú kan yọ jáde, ó sì wọlé padà. Olùkọ́ náà buwọ́ lù ú tuntun. Ó ní nínú gbogbo àwọn tó ti ka iṣẹ́ ọmọ náà, ọ̀kẹ́rẹ́ yìí nìkan ló sọ tinú rẹ̀.

Báyìí la ṣe ń sún òde síwájú. Láti ṣọ́ọ̀bù, a lọ sí ọjà. Láti ọjà, a lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Lẹ́yìn náà, èmi àti ìyàwó mi gbé e dé Màkún-Omi, ṣùgbọ́n a kò wọkọ̀. Mo ní ẹranko náà kò gbóòórùn omi rí, kó kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ ná. A jókòó síbi tí a ti lè rí omi lókèèrè, a jẹ ẹja yíyan, a sì padà sílé. Nínú ọkọ̀, ìyàwó mi fẹnu sí mi létí.

"Ṣé ó gbóòórùn tó, Dádì? Àbí ká tún mú un padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kó wá gbóòórùn ìyókù?"

Kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ tí kò ti mọ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ìyá mi ṣubú lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Egungun kankan kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ló bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ìyá mi fúnra rẹ̀ kò gba fóònù. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ọ̀kẹ́rẹ́ ti mọ òde. Ó ní, "A dúpẹ́," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí di ẹrù kí n tó yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Mo ti ra jákẹ́ẹ̀tì tèmi, èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi, pupa fòò. Inú báàgì ni mo gbé e sí láti ilé. A dé etí omi ní Màkún-Omi. Mo fa jákẹ́ẹ̀tì náà yọ, mo wọ̀ ọ́, mo sì fà á le. Ọ̀kẹ́rẹ́ ké lábẹ́ rẹ̀, igbe tín-ín-rín bí ti ọjọ́ inú fìlà. Mo tú u kíá.

Gbogbo nǹkan ni mo ti kọ́ ẹranko náà: oòrùn, ọ̀kadà, ariwo ọjà, òórùn omi. N kò rántí jákẹ́ẹ̀tì.

"Bàbá, ẹ wọlé," ni ọlọ́kọ̀ wí. "Ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì yín. Mi ò gbé ẹni tí kò bá wọ̀ ọ́."

Tí mo bá wọ̀ ọ́, màá tẹ ọ̀kẹ́rẹ́ pa. Tí n kò bá wọ̀ ọ́, wọn ò ní gbé mi, èmi náà ò sì ní wọ ọkọ̀. Mo yíjú sí ìyàwó mi.

"Ó jọ pé a máa padà ni," ni mo wí. Kí n má purọ́, inú mi dùn díẹ̀.

Mo retí kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. "Màmá ti wà létí omi lọ́hùn-ún láti àárọ̀," ni ó wí. "Ẹ̀gbọ́n yín pè mí. Wọ́n ti gbé àga síbẹ̀ fún wọn."

Obìnrin kan tó ń ra ẹja ti jókòó sínú ọkọ̀ náà, ó wọ híjáàbù ńlá aláwọ̀ ewé tó bò ó dé itan. Ó ti ń wò wá láti ìgbà tí a ti dé.

"Bàbá, kí ló ń ké lára yín yẹn?"

"Ọ̀kẹ́rẹ́ ni, Àlájà."

"Ọ̀kẹ́rẹ́? Ṣé kì í gé èèyàn jẹ?"

"Ó ń sùn ni. Ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn ni kò fẹ́."

"Ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì yín. Ẹ gbé àpò náà kọ́ sí ìta rẹ̀, kẹ́ ẹ wá jókòó síbí." Ó gbé etí híjáàbù rẹ̀ sókè bí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn. "Ẹ ki àpò náà bọ abẹ́ èyí. Èmi náà ń bẹ̀rù omi o. Mi ò kàn sọ fún omi ni."

Ìyàwó mi ń gbọ́ rẹ̀. "Àlájà, mo ti ní orogún kan tẹ́lẹ̀ o."

"Fọkàn balẹ̀, ìyàwó. Ọkọ tí mo ní ti tó mi."

Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, ìgbà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni mo sì gbé ẹsẹ̀ sínú rẹ̀. Ó mì. Mo jókòó wìì. Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì yí àpò náà ká lábẹ́ aṣọ ewé, a sì gbéra.

N kò ní sọ pé ẹ̀rù kò bà mí. Ẹ̀rù bà mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Nígbà tí ìgbì kan kọ lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ọwọ́ mi fẹ́ lọ di etí ọkọ̀ mú bó ṣe dì mọ́ kẹ́ẹ̀gì lọ́jọ́ kìíní, ṣùgbọ́n kò sí ọwọ́ kan tó ṣófo. Mo ka èémí ọ̀kẹ́rẹ́. Mo kà á dé ibi tí n kò mọ iye rẹ̀ mọ́, mo tún bẹ̀rẹ̀. Àlájà ń sọ nǹkan kan wúyẹ́wúyẹ́, tẹ̀sùbáà rẹ̀ ń yí lọ́wọ́. Ìyàwó mi jókòó síwájú mi, kò wẹ̀yìn wò mí rárá, mo sì mọ̀ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni.

Mo rí àga náà kí n tó rí ẹni tó jókòó lé e.

Nígbà tí mo dé ilẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Àlájà, mo tún àpò mi ṣe lọ́rùn, mo sì rìn lọ bá ìyá mi. Ó ti kéré sí i. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, mo tẹ̀ dé àárín, mo dúró. Àpò wà láyà mi. Mo wà níbẹ̀, n kò dìde, n kò lọ sílẹ̀.

"Ó ti tó bẹ́ẹ̀?" ni ìyá mi wí. "O ò lè dọ̀bálẹ̀ fún mi mọ́?"

"Ọ̀kẹ́rẹ́ ni, ìyá mi."

"Kí rè é?" Ó na ọwọ́. "Gbé e wá."

Mo bọ́ ọ lọ́rùn, mo gbé e lé e lẹ́sẹ̀. Ó fi ìborùn rẹ̀ bò ó láìbèèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é. "Ó yá. Dọ̀bálẹ̀ dáadáa."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yanrìn tútù, tèmi ti jákẹ́ẹ̀tì pupa. N kò tètè dìde. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gba iwájú orí mi lọ sẹ́yìn, níbi tí irun wà tẹ́lẹ̀.

"Wọn ò sọ èyí fún mi lórí fóònù," ni ó wí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀, ó sì ń fi etí ìborùn nù ún, ó ń ṣọ́ra kó má baà jí ohun tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ọlọ́kọ̀ ti ń já ẹrù Àlájà. Ó ké sí wa pé òun máa padà sí Màkún-Omi lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ó bèèrè bóyá a máa bá òun lọ. Ìyá mi wo ojú mi.

Mo wo omi. Ó ṣì fẹ̀ bó ṣe fẹ̀.

"Ó ti rẹ ọ̀kẹ́rẹ́," ni mo sọ fún ọlọ́kọ̀. "Ó máa tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó lè wọkọ̀."

"Ọjọ́ mẹ́ta?" ni ìyá mi wí. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Lọ gbé ìkòkò kaná. Ṣé ó ń jẹ ìkọ́kọrẹ́?"

Ìyàwó mi ní òun kò mọ ti ọ̀kẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé e wá ń jẹ ẹ́.